Bàtà Irin Ẹsẹ̀ Òsì

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ìròyìn náà dé, Mosúnmọ́lá ń ká aṣọ ní ilé ìdáná rẹ̀ ní Oldham nígbà tí Halimah ṣílẹ̀kùn wọlé láago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹnu iṣẹ́ ló yẹ kí ó wà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Kò bọ́ kóòtù, kò bọ́ bàtà. Ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù lọ, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kó dúró de ọ̀gá àgbà.

"Mọ́mì, Bàbá ti lọ."

Mosúnmọ́lá kò béèrè bàbá wo. Láti oṣù mẹ́jọ tí Halimah ti ń gbé yàrá òkè lọ́dọ̀ rẹ̀, bàbá kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ọmọ náà: Bàbá Fúnṣọ́ Adémiládé, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tí Halimah ń tọ́jú láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ fún iléeṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tó mú un wá láti Ṣàgámù. Kò sí oúnjẹ alẹ́ tí ìtàn bàbá náà kì í bá wọn jẹ. Ó gun alùpùpù ní pápá Hollin Bank láyé ọjọ́un, alùpùpù tí kò ní bíréèkì. Èèyàn mẹ́rin ní ń sáré lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́rin lórí iyanrìn pupa, apá òsì nìkan ni wọ́n sì ń yà sí. Ó ti lé lógójì ọdún tí wọ́n ti ti pápá náà pa. Ilé ìkẹ́rùsí ló wà níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n bí Halimah bá ń sọ ọ́, èèyàn á rò pé àná ni wọ́n sáré kẹ́yìn.

Mosúnmọ́lá po tíì fún un. Òun náà mọ bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ṣe ń wọni lára. Lọ́dún tó kọjá ni ọkọ rẹ̀, Emmanuel, kú l'Abẹ́òkúta. Orí fóònù ló ti wò ó bí wọ́n ṣe ń da erùpẹ̀ bò ó, tí àwòrán ń dúró, tó tún ń rìn. Láti ìgbà náà ló ti ń jowú ẹnikẹ́ni tó bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan òkú ẹni rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan, torí kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà ń sọ.

Láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, fóònù Halimah dún. Nígbà tó gbé e kúrò létí, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Iléeṣẹ́ ni. Wọ́n ní Sister Adétóun, ọmọ Bàbá, pè wọ́n. Bàtà irin tí Bàbá fi ń gun alùpùpù ti kúrò lára ògiri, ó ní èmi ni mo jí i. Wọ́n ti suspend mi, Mọ́mì. Friday, aago mẹ́wàá, ni kí n wá wí tẹnu mi."

"Bí wọ́n bá lé ọ ńkọ́?"

"Visa mi wà lọ́wọ́ wọn. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n máa fún mi kí n fi wá sponsor mìíràn. Ta ló máa gba ẹni tí wọ́n lé torí olè?"

Mosúnmọ́lá gbé aṣọ tì. Kó tó di ẹni tó ń lọ aṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní àárín Manchester, ọdún mẹ́rìnlélógún ló lò nínú iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ nílé. Títí di òní, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣì ń pè é ní Màmá CID bí wọn kò bá pè é ní Màmá Ìtẹ́olúwa.

"Ṣé ìwọ lo mú un?"

"Mọ́mì."

"Èmi tí mo fẹ́ gbèjà rẹ gbọ́dọ̀ bi ọ́ kí ẹlòmíràn tó bi mí."

"Èmi kọ́."

"Ó dáa. Dìde, lọ jẹun."

*

Ilé Bàbá Fúnṣọ́ wà láàárín ìlà àwọn ilé bíríkì pupa tó fara ti ara wọn bí èèyàn tí òtútù ń mú. Mosúnmọ́lá dé ibẹ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́rú. Adétóun, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá bí, ló ṣílẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì ni, Salford ló ń gbé. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ọlọ́run á tù ọ́ nínú, Adétóun. Ẹ̀yìn Bàbá á dáa."

"Àmín mà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ torí ọmọbìnrin yẹn lẹ ṣe wá, Màmá Ìtẹ́, ẹ má wulẹ̀ jókòó."

"Torí bàbá rẹ ni mo ṣe wá. Tọmọbìnrin yẹn, mo lè ṣe é lórí ìdúró."

Wọ́n gba ilé ìdáná kọjá. Kúlà oúnjẹ mẹ́jọ ló tò sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, wọ́n fi téèpù kọ orúkọ olóúnjẹ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó má baà sọnù nígbà tí onílé ọ̀fọ̀ bá fọ̀ ọ́ tó fẹ́ dá a padà. Abọ́ ńlá kan dá wà lórí sítóòfù, ìrẹsì ló wà nínú rẹ̀, kò ní orúkọ ẹnì kankan. Mosúnmọ́lá wò ó, ó kọjá.

"Ìgbà wo lo rí bàtà náà kẹ́yìn?"

"Mọ́ńdè, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wà lára ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì Bàbá. Ìdájí ni Bàbá kú. Wọ́n wá gbé e láago mẹ́sàn-án, mo sì pa ilẹ̀kùn yàrá iwájú yẹn dé. Ẹ̀yìn níhìn-ín ni gbogbo wa wà."

"Ta ló wọ ibẹ̀ lẹ́yìn náà?"

"Halimah. Kò tíì gbọ́ nígbà tó dé, wọ́n ti gbé Bàbá lọ. Ó ní òun fẹ́ mú fáìlì òun. Ó pẹ́ nínú ibẹ̀ ju ẹni tó fẹ́ mú fáìlì lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, Ṣẹ̀san, ọmọ àbúrò Bàbá, wá ya fọ́tò tí a máa lò fún ìwé ètò ìsìnkú. Ní ìrọ̀lẹ́, pásítọ̀ ní kí a gbé bàtà náà wá kí òun rí i. Ògiri lásán la bá."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ Halimah, tí kì í ṣe Ṣẹ̀san?"

"Ẹ̀jẹ̀ wa ni Ṣẹ̀san."

"Mo ti mú ọ̀pọ̀ olè tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan."

Adétóun yíjú sí fèrèsé. "Ṣé ẹ mọ ohun tí Bàbá sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá? Mo bi í pé ọdún wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í gun alùpùpù. Ó ní, 'Bi Halimah, ó mọ̀ ọ́n.' Èmi ọmọ bíbí inú rẹ̀. Kí n lọ béèrè bàbá mi lọ́wọ́ ẹni tó ń pààrọ̀ pámpà fún un."

"O ti bi í rí ṣáájú ìgbà náà?"

"Iṣẹ́ ló ń pa mí, Màmá Ìtẹ́. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ni mo ń wà ní wọ́ọ̀dù."

Nínú yàrá iwájú, wọ́n ti ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Pákó dúdú kan wà lára ògiri lókè rẹ̀, ojú ibi tí bàtà wà tẹ́lẹ̀ sì mọ́ ju ìyókù lọ. Kì í ṣe bàtà tí èèyàn ń wọ̀ rìn. Awẹ́ irin kan ni, tí àwọn olùdíje ń dè mọ́ abẹ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì, torí pé apá òsì ni wọ́n ń yà sí, ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n sì ń wọ́ nílẹ̀ kí alùpùpù má baà dà wọ́n nù. Bóòtù kan, ìṣó onínọ́ọ̀tì, ló gbé e dúró lára pákó. Bóòtù náà ṣì wà níbẹ̀, nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀.

Mosúnmọ́lá wọ awò ojú rẹ̀. Àpá ló wà lára nọ́ọ̀tì náà. Àwọn kan ti di dúdú, àwọn kan ń dán bí owó tuntun.

"Ṣé o ti gbìyànjú láti tú u rí?"

"Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo fẹ́ nù ún. Bí mo ṣe ń yí i ló ń le sí i. Bàbá jókòó síbẹ̀ yẹn, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi."

Mosúnmọ́lá fi ìka méjì mú nọ́ọ̀tì náà. Ó yí i sí òsì bí gbogbo ayé ti ń ṣe, ó há. Ó yí i sí ọ̀tún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wá wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Wá wò ó," ó wí jẹ́jẹ́. "Tìẹ ni àpá tó ti dúdú. Èyí tó ń dán jẹ́ ti ẹlòmíràn, ó sì ha á títí láìrí i tú. Ẹni tó mú bàtà lọ kò ha nǹkan kan. Ó mọ̀ pé ọ̀tún ló ń tú sí. Ó yọ bàtà, ó sì dá nọ́ọ̀tì padà sórí bóòtù rẹ̀ kí ó tó lọ. Olè wo ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹni tí kò lè fi bóòtù sílẹ̀ láìní nọ́ọ̀tì. Bá mi yọ bóòtù yìí, kí n mú un dání."

*

Nígbà tó délé, Halimah ń gé àlùbọ́sà.

"Halimah, nọ́ọ̀tì ara pákó Bàbá, apá ibo ló ń tú sí?"

"Ọ̀tún," ni Halimah wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Mosúnmọ́lá gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Bàbá ni. Ó ní ní Hollin Bank nígbà náà, àwọn kan máa ń jí ẹ̀yà ara alùpùpù ẹlòmíràn ní ibi tí wọ́n ń tò wọ́n sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ni Ọwọ́ Wúrà bá gé gbogbo nọ́ọ̀tì Bàbá ní ìdàkejì. Olè á máa yí i, á máa yí i, ọwọ́ rẹ̀ á bó, kò ní tú. Wọ́n ní Bàbá fi juju dè é ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí ó tó rántí ibi tí òun wà.

"Ta ni Ọwọ́ Wúrà?"

"Ẹni tó ń tún alùpùpù Bàbá ṣe. Òun náà ló rọ bàtà irin yẹn. Bàbá kì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an. 'Ọwọ́ Wúrà ló ṣe é. Bí kì í bá ṣe Ọwọ́ Wúrà, ẹsẹ̀ mi ì bá kù sí pápá.' Mo rò pé ó ti kú."

"Ìwọ náà mọ bí ó ṣe ń tú, o sì dá wà nínú yàrá yẹn." Mosúnmọ́lá wò ó lójú. "Kí lo ń ṣe níbẹ̀ tí o fi pẹ́?"

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Halimah. "Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń tẹ́ ẹ. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe."

Mosúnmọ́lá gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà tó fi mọ̀ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò ní wọlé tọ àwọn tó máa jókòó lọ́jọ́ Ẹtì láago mẹ́wàá. Ọjọ́ kan ààbọ̀ ló kù.

*

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó dúró de Ṣẹ̀san lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí kan ní Trafford Park. Àkókò ìsinmi ni Ṣẹ̀san jáde, aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn lọ́rùn, búrẹ́dì lẹ́nu.

"Ah-ah, Màmá CID. Ẹ káàsán mà. Ṣé wọ́n ti gbà yín síbí ni?"

"Bí wọ́n bá gbà mí, ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ lé. Kí nìyẹn ní ìbàdí rẹ?"

Irinṣẹ́ kékeré kan ló so mọ́ ìgbànú rẹ̀, irú èyí tó ní ọ̀bẹ, tó ní ẹ̀mú. Mosúnmọ́lá gbà á, ó ṣí ẹnu ẹ̀mú náà. Lẹ́yìn náà ó mú bóòtù àti nọ́ọ̀tì jáde nínú báàgì, ó gbé eyín ẹ̀mú sára àpá tó ń dán. Ó wọlé síbẹ̀ bí ọmọ tó jókòó sí itan ìyá rẹ̀.

Ṣẹ̀san gbé búrẹ́dì mì. "Mà, kò tú."

"Mo mọ̀. Aago mélòó?"

"Mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú."

"Báwo lo ṣe mọ ìṣẹ́jú?"

Ó yọ fóònù jáde. Fídíò kékeré kan ni: ọwọ́ Ṣẹ̀san, ẹ̀mú, nọ́ọ̀tì, àti bàtà irin náà, tó ń dán lára pákó. Ohùn rẹ̀ ń sọ nínú rẹ̀ pé, "Guy, see this thing, e no gree comot." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún mọ́tò ṣe ló fi ránṣẹ́ sí. Aago mọ́kànlá kọjá ogún, ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Halimah ti wà ní ilé ìdáná mi láti aago mẹ́wàá," Mosúnmọ́lá wí. "O mọ̀ pé bàtà ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tó lọ, o sì dákẹ́."

"Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní èmi ni olè."

"Ṣé o kò fẹ́ jí i ni?"

Ṣẹ̀san wo ilẹ̀. "Mo fẹ́ mú un, mi ò ní purọ́. Láti kékeré ni mo ti ń wo bàtà yẹn. Bàbá kò sọ nǹkan kan fún mi rí nípa pápá yẹn. Halimah dé, oṣù mẹ́jọ péré, ó kó gbogbo rẹ̀. Mo ní ó kéré tán, kí n ní irin."

"O kò mọ ìtàn kankan, o sì kọ ìwé ètò?"

"Ohun tí mo mọ̀ ni mo kọ." Ó fi hàn án lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ìyìn tó fi sórí group ẹbí àti ọ̀rẹ́ láago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ náà. Mosúnmọ́lá kà á dé ìlà kẹrin: *Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rọ bàtà irin olókìkí náà.*

"Ta ló sọ èyí fún ọ?"

"Kò sẹ́ni. Ó kàn dùn létí ni, mà."

"Èèyàn mélòó ló kà á?"

"Gbogbo group. A tó àádọ́rin."

"Fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí Adétóun, báyìí, kí n máa wò ọ́. Kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ bí ó ti jẹ́."

*

Inú tram, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ni Mosúnmọ́lá wà nígbà tí Adétóun pè é. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Mo ti wò ó. Màmá Ìtẹ́, ta ni wàyí?"

"Ìwọ lo máa sọ fún mi. Lẹ́yìn Ṣẹ̀san, ta ló wọ yàrá yẹn?"

"Kò sí àlejò kankan mọ́."

"Mi ò béèrè àlejò."

Ó gbọ́ tí Adétóun mí. "Bàbá Wasiu nìkan, láago méjì. Ó ní òun fẹ́ ṣe àdúà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n ẹni ilé nìyẹn. Láti ọdún tí Bàbá dé ìlú yìí ni wọ́n ti jọ wà."

Mosúnmọ́lá mọ̀ ọ́n ní ojú. Àgbàlagbà kan tó ń gbé ní Pendleton, Abdulwasiu, tó máa ń jókòó sí igun níbi àpèjẹ ilé Bàbá Fúnṣọ́, tí gbogbo èèyàn máa ń kí, tí wọ́n á sì kọjá.

"Kí ló gbé wá?"

"Ìrẹsì. Nínú kúlà."

"Kúlà mẹ́jọ ni mo rí lọ́dọ̀ rẹ. Tirẹ̀ kò sí níbẹ̀."

"Ó bu ìrẹsì náà sínú abọ́ wa fúnra rẹ̀, ó gbé kúlà lọ. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni." Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ. Nínú gbogbo ilé ọ̀fọ̀ tí wọ́n mọ̀, kò sí ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá kí ó tún gbé kúlà rẹ̀ padà lọ ní wákàtí kan náà. Onílé ní ń fọ̀ ọ́, òun náà ní ń dá a padà, bó tilẹ̀ gba oṣù kan.

"Iṣẹ́ wo ló ṣe kó tó fẹ̀yìntì?"

"Iléeṣẹ́ irin, ní Trafford Park. Màmá Ìtẹ́, ó jókòó tì mí. Ó sunkún."

"Kò purọ́ nínú ẹkún yẹn," Mosúnmọ́lá wí.

*

Àjà kẹsàn-án ni Bàbá Wasiu ń gbé. Ó fi ìrọ̀rùn ṣílẹ̀kùn, ó sì gba ìkúnlẹ̀ Mosúnmọ́lá pẹ̀lú àdúà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ sí i, Bàbá. Ọ̀rẹ́ yín lọ."

"Ó lọ, ọmọ mi. Ó ṣáájú mi lọ bí ó ti máa ń ṣe."

Tábìlì kan wà lójú fèrèsé, àwọn irinṣẹ́ tò sórí rẹ̀ ní ìtẹ̀léra, gígùn sí kúkúrú. Mosúnmọ́lá yọ bóòtù inú báàgì rẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ti fi ẹ̀mú Ṣẹ̀san dì í le.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú nǹkan yìí. Agbára mi kò ká a."

Àgbàlagbà náà mú sípánà kan láìwò ó. Ó gbé e sí nọ́ọ̀tì, ó sì yí i sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó tú. Ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo nọ́ọ̀tì náà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo Mosúnmọ́lá, èjìká rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀.

"Ọlọ́pàá ni yín lóòótọ́."

Ó wọ yàrá, ó gbé kúlà aláwọ̀ búlúù kan jáde. Inú aṣọ ìnujú ni bàtà irin náà wà. Ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó sì fi ìka ra lẹ́tà W kékeré tó wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀.

"Ara bọ́m̀pà mọ́tò àtijọ́ ni mo ti gé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, kí ọ̀gá má baà rí mi. Bí Fúnṣọ́ bá gba ipò kìíní, wọ́n á gbé e lé èjìká, èmi á máa nu ẹrẹ̀ lára alùpùpù. Wọ́n á fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n á ní kí n sún díẹ̀. Mo ń sún. Mo máa ń sọ fún ara mi pé kò dùn mí."

"Ó ń dùn yín."

"Àádọ́ta ọdún. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń jowú rẹ̀, méjèèjì jọ ń jẹun nínú àwo kan. Mo rò pé bí ó bá kú, ọ̀kan á bá a lọ. Ọ̀sán ọjọ́ tó kú gan-an ni mo kà á nínú fóònù: ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rọ ọ́. Fúnṣọ́ tí kò lè kan ìṣó mọ́ ògiri. Mo ní, ó tó. Èyí kan, kò ní gbé e lọ."

"Wọ́n pe Halimah ní olè torí rẹ̀, Bàbá. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ lé e. Ṣé ẹ kò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́ lánàá. Mo gbé fóònù lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé e sílẹ̀. Mo máa ń bá ọmọ náà níbẹ̀ tí mo bá lọ kí Fúnṣọ́. Òun ni Fúnṣọ́ ń sọ pápá wa fún. Bí mo bá wọlé, wọ́n á dákẹ́. Mo ní kí òun náà jẹ díẹ̀ nínú ìyà tí mo jẹ. Ìwà burúkú ni. Mo mọ̀."

Mosúnmọ́lá tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ yín? Adétóun kò mọ̀ pé nọ́ọ̀tì yẹn ń tú sí ọ̀tún. Ṣẹ̀san kò mọ̀. Halimah ló sọ fún mi, torí pé Bàbá Fúnṣọ́ sọ fún un. Ó sọ ẹni tó gé e, ó sọ ẹni tó rọ bàtà, kì í sì í sọ ìtàn kankan tí kò fi ẹni náà sí i. Ọmọ náà rò pé ẹni náà ti kú, torí orúkọ ìnagijẹ ni Bàbá fi ń pè é. Ọwọ́ Wúrà."

Bàtà irin náà bọ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà náà sórí tábìlì.

"Kí lẹ pè é?"

"Ọwọ́ Wúrà."

"Ìgbà tí pápá ṣì wà ló pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn létí mi." Ó fi aṣọ ìnujú náà bo ojú. "Ó ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún mi?"

Mosúnmọ́lá gbé bàtà náà padà sínú kúlà. Ó dúró títí Bàbá Wasiu fi nu ojú rẹ̀ tán.

"Ẹ gbé e," àgbàlagbà náà wí.

"Rárá o, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa gbé e. Ẹ mú kóòtù yín."

*

Láago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni wọ́n dé ilé Bàbá Fúnṣọ́ ní Oldham. Halimah ti wà níbẹ̀. Mosúnmọ́lá ló ní kí ó wá. Bàbá Wasiu gbé bàtà lé orí tábìlì, ó sì sọ ohun tó ṣe, kò fi ọjọ́ ogbó bojú. Ó yíjú sí Halimah.

"Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́, mo sì jókòó sílé."

Omi bọ́ lójú Halimah, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Ó dùn mí, Bàbá. Mi ò ní sọ pé kò dùn mí. Àwọn ọmọ mi méjèèjì tó wà ní Ṣàgámù ni mo ń rò láti ọjọ́ yẹn." Ó fa àga fún un. "Ẹ jókòó. Ẹsẹ̀ yín ń wú."

Adétóun ti gbé fóònù. Ó pe iléeṣẹ́ náà lójú gbogbo wọn, ó ní aṣìṣe ni, ó ní òun purọ́ mọ́ ọmọlọ́mọ, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n ní kó fi ránṣẹ́ ní ìwé, ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fi fídíò Ṣẹ̀san kún un. Kí aago márùn-ún tó lù, èsì dé sórí fóònù Halimah. Kò sí ìpàdé ọjọ́ Ẹtì mọ́. Kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Halimah kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

"Kì í ṣe torí bàtà ni mo ṣe pè wọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," Adétóun wí, ojú rẹ̀ ń wo tábìlì. "O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀, Sister."

"Ó ń rẹ́rìn-ín fún ọ. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá wọlé, yóò béèrè bóyá mo ti jẹun." Ó nu imú. "Ibo gan-an ni pápá yẹn wà? Mi ò dé ibẹ̀ rí."

*

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn mẹ́rin ló lọ sí Hollin Bank. Ilé ìkẹ́rùsí náà tóbi, eérú ni àwọ̀ rẹ̀, kò sì sí ohun tó fi hàn pé ẹnikẹ́ni ti pariwo níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n Bàbá Wasiu mú wọn gba ẹ̀yìn, lẹ́bàá wáyà, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣẹ́kù tí wọn kò da kọnkéré sí. Ó tẹ̀ díẹ̀ sí apá òsì. Koríko ti bò ó dé orúnkún.

"Ibí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀," ó wí.

"Bàbá ní bí okùn tí wọ́n ta síwájú wọn bá fò sókè, òun kì í mí títí dé ìyànà àkọ́kọ́," Halimah wí.

"Irọ́ ni. Ó máa ń kọrin. Mo ń gbọ́ ọ."

"Orin wo?" Adétóun béèrè.

Àgbàlagbà náà sọ fún un. Orin ìsìn ni, èyí tí wọ́n fi ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì máa ń ṣì í kọ. Bàbá Wasiu bẹ̀rẹ̀ tìrora-tìrora, ó di koríko mú, ó sì fà á tu. Ilẹ̀ pupa yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó fa òmíràn. Halimah kúnlẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, Mosúnmọ́lá ká apá aṣọ sókè, ó bọ́ sí ẹ̀yìn wọn.

Adétóun dúró sí i díẹ̀, ọwọ́ nínú àpò kóòtù. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Halimah, ó sì ń tu koríko lójú ibi tí bàbá rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.